Ta Ló Ni Iyùn Tó Wà Lọ́rùn Olorì?

Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, ó ṣòro kí ènìyàn gba Ìkòsì ní Èkó kọjá sí Kétu tàbí Mile 12 kí ó má pàdé iyùn lójú ọ̀nà. Ìyàwó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, iyùn yí i lọ́rùn ní ìlà mẹ́ta mẹ́rin, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì tún fi dì í nírun bí adé kékeré. Ọkọ náà fi tirẹ̀ lé àyà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ike tàbí gíláàsì. Òmíràn jẹ́ ojúlówó tí wọ́n háyà fún wákàtí díẹ̀. Bí àríyá bá parí, wọn a tú u, wọn a dá a padà sínú páálí, ìyàwó mìíràn á sì fi ṣe tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ ṣá: kí ló mú iyùn ìyàwó yìí yàtọ̀ sí iyùn tó wà lọ́rùn olorì láàfin, nígbà tí àwọ̀ wọn bára mu, tí ti ìyàwó tilẹ̀ lè pọ̀ ju ti olorì lọ? Èsì tó yá ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé ojúlówó ni ti olorì, pé owó ńlá ni wọ́n fi rà á. Èsì yẹn kò tó. Òfin tó de ohun ọ̀ṣọ́ náà ló sọ ọ́ di ti ọba: ta ló lè wọ̀ ọ́, ọjọ́ wo ni yóò wọ̀ ọ́, iṣẹ́ wo ni yóò fi ṣe, ọwọ́ ta ni yóò sì padà sí. Ọ̀ṣọ́ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè tà nígbà tó bá wù ú, ọ̀ṣọ́ olówó ni. Èyí tí ó ń tọ́jú de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ti ìdílé ọba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí a fi ṣe wọ́n. Iyùn tí a ń pè ní òkúta, egungun àwọn ẹran òkun kéékèèké ni. Ó ń hù bí ẹ̀ka igi nísàlẹ̀ omi, èyí tó pupa dáadáa sì ń ti Òkun Mẹditaréníà wá, láàárín Ítálì àti àríwá Áfíríkà. Péálì tí àwọn ayaba Yúróòpù fẹ́ràn, inú ìkarahun ẹran omi ni òun náà ti ń wá. Bí nǹkan àjèjì bá wọ inú ẹran náà, á máa fi omi ara rẹ̀ bò ó, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi di róbótó tó ń dán. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ní calcium carbonate ló pọ̀ jù nínú iyùn àti péálì. Èròjà yẹn kan náà ló wà nínú ìkarahun ìgbín tí ẹni tó ra ìgbín lọ́jà ń fọ́ dànù kó tó dáná ọbẹ̀. Ìdí nìyí tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fi ń hó bí ó bá kán sára iyùn, tó sì ń jẹ ẹ́ lára. Ìdí nìyí tí òógùn àti lọ́fínńdà fi ń pa dídán péálì. Ní ti sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó gùn tín-ín-rín, gíláàsì ni, iyanrìn tí iná yọ́. Lántánà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin fi lórúkọ nígbà àtijọ́, òkúta líle ni: wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi irin ẹnu ṣóńṣó lu ihò sí i, wọ́n á sì máa ha á lórí òkúta mìíràn tòun tomi títí yóò fi dán. Egungun ẹran omi, iyanrìn, òkúta: kò sí èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ọba nínú wọn. Ènìyàn ló gbé wọn dé orí àti ọrùn.

Ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní Igbó Olókun n'Ílé-Ifẹ̀, Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀, wọ́n sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì náà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé Ifẹ̀ ló ń ṣe gíláàsì yìí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Èròjà inú rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá mu. Ní 1957, ní Ìta Yemòó nínú ìlú kan náà, wọ́n hú ère bàbà kan tó jẹ́ ti tọkọtaya ọba. Apá wọn kọ́ra, ẹsẹ̀ ọkùnrin lọ́ mọ́ ti obìnrin, ìlẹ̀kẹ̀ sì bò wọ́n lọ́rùn àti láyà, obìnrin bí ọkùnrin. Níbẹ̀ náà ni orí amọ̀ kan ti jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní orí ayaba, adé onípele lé e lórí. Ẹ wá rò ó wò. Ìlú tó ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni Ifẹ̀. Bí ọ̀wọ́n nìkan bá ni ohun tó ń sọ ìlẹ̀kẹ̀ di ti ọba, Ifẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ì bá ti kọ́kọ́ di yẹpẹrẹ. Níbẹ̀ gan-an ló ti gba iyì tó fi dé orí ọba àti ọrùn ayaba, tí àwọn tó ń rọ bàbà àti àwọn tó ń mọ amọ̀ kò fi lè ya ọba láìyà á.

Ẹ̀rí tó tún ṣe kedere jùyẹn lọ wáyé ní Èkó ní 1903. Ẹlẹ́pẹ́, ọba kan ní Rẹ́mọ, dé adé onílẹ̀kẹ̀, Akárígbò, ọba àgbà Rẹ́mọ, sì fárígá pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Gómìnà William MacGregor, ẹni tó ránṣẹ́ sí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní pé kí ó wá sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ọọ̀ni kì í jáde kúrò nílé bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó wá, ó sì sọ pé Ẹlẹ́pẹ́ kò sí lára àwọn tí Ifẹ̀ fún ní irú adé bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn yìí kò dá lórí iye tí wọ́n ra ìlẹ̀kẹ̀ ara adé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò dá lórí bóyá ayédèrú ni. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lè dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀tọ́ ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀, adé tí kò sì ní ẹ̀tọ́ lẹ́yìn, fìlà olówó iyebíye ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ obìnrin ti wọlé gan-an nìyí, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ obìnrin ààfin kò ju kí ó so ìlẹ̀kẹ̀ kí ó sì jókòó ti ọba lọ. Samuel Johnson kọ nípa Ìyá Kéré ààfin Ọ̀yọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Obìnrin yìí ni ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun èlò oyè Aláàfin wà níkàáwọ́ rẹ̀. Òun ló ń gbé adé lé ọba tuntun lórí. Bí Aláàfin bá sì ṣẹ̀ ẹ́, ó lè kọ̀ láti kó wọn jáde, àpéjọ tí ọba fẹ́ ṣe á sì forí ṣánpọ́n. Ọba tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún ń dúró de ọwọ́ obìnrin kan kí ó tó lè múra! Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe adelé. Á múra bí ọkùnrin, á so ìlẹ̀kẹ̀ ọba mọ́rùn, á mú ìrùkẹ̀rẹ̀ dání, àwọn ìjòyè á sì máa forí balẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́, á bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á sì padà sí ipò rẹ̀. Ní Èkó tiwa níbí, Erelú Kútì ló ń di ìlú mú nígbà tí ìtẹ́ bá ṣófo. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlẹ̀kẹ̀ àti iṣẹ́ jọ ń rìn ni: ọ̀kan ń tọ́jú, ọ̀kan ń ṣàkóso, ọ̀kan ń di ààyè mú. Kò sí èyí tó lè kó ìlẹ̀kẹ̀ ìlú lọ sọ́jà.

Ìbíní, tó bá Ifẹ̀ tan nínú ìtàn, mú òfin yìí le ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ọ̀dọ̀ Olókun ni Ọba Ewuare ti gba iyùn. Lẹ́yìn tí àwọn Potogí dé ní nǹkan bí 1485, iyùn Mẹditaréníà tún bá ọkọ̀ ojú omi wọn wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Pé ó pọ̀ kò tú òfin ká. Ọba ló ni iyùn, òun ló ń fi jẹ ìjòyè lóyè, bí ìjòyè bá sì kú, iyùn oyè náà á padà sí ààfin. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe Ugie Ivie, ọdún tí wọ́n ń kó ìlẹ̀kẹ̀ Ọba àti ti àwọn ìjòyè jọ láti sọ agbára wọn dọ̀tun. Nígbà tí Ọba Esigie fẹ́ dá ìyá rẹ̀, Idia, lọ́lá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, ó dá oyè Iyoba sílẹ̀ fún un, ó sì fún un ní ààfin tirẹ̀ ní Uselu. Àmì oyè náà ni adé iyùn kan tó ga, tí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹnu ayékòótọ́. Orúkọ tí àwọn Ìbíní ń pè é, ukpe-okhue, ẹnu ayékòótọ́ náà ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá wo orí bàbà Iyoba dáadáa á rí bí iyùn ṣe di ọrùn rẹ̀ mọ́ títí dé àgbọ̀n, tí kò fi ní rọrùn láti tẹrí ba. Ojú Idia tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ló di àmì FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977. Lọ́dún 1897 tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ìbíní, wọ́n kó iyùn lọ pẹ̀lú bàbà àti eyín erin, Ọba Ovọnramwẹn sì kú sí Kàlàbá ní 1914. Ṣùgbọ́n ní 1938, adé iyùn méjì àti ẹ̀wù iyùn kan tí wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni padà dé ọwọ́ Ọba Akenzua Kejì. Ogójì ọdún ó lé kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn odi, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, ẹni tó ni wọ́n kò rú ẹnikẹ́ni lójú.

Òfin yìí kò mọ sílẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 1947, nígbà tí Elizabeth ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣègbéyàwó, adé kékeré oní dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ń gbé lé e lórí dá ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ Garrard, alágbẹ̀dẹ ìdílé ọba, ó sì tún un ṣe kí ìyàwó tó jáde. Nínú àwòrán ọjọ́ náà, ẹni tó bá fojú sí i á rí àlàfo tó kù láàárín àwọn ṣóńṣó adé náà. Adé náà kì í ṣe ti Elizabeth. Ọbabìnrin Mary, ìyá bàbá rẹ̀, ló ní kí wọ́n ṣe é ní 1919, ó fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyẹn ló sì yá Elizabeth. Anne ọmọ Elizabeth dé e ní 1973, Beatrice ọmọ ọmọ rẹ̀ dé e ní 2020. Adé oní péálì tí wọ́n ń pè ní Lover's Knot tún là á yé wa dáadáa. Ti Mary ni òun náà. Ó kan Elizabeth ní 1953, Elizabeth yá Diana, ìyàwó ọmọ rẹ̀, nígbà tí ìgbéyàwó Diana sì tú ká ní 1996, adé padà sílé. Láti 2015 ni Catherine, ìyàwó ọmọ Diana, ti ń dé e. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an ní 1981, adé ìdílé bàbá rẹ̀, ìyẹn Spencer, ni Diana dé, ọ̀dọ̀ wọn ló sì padà sí. Ìyá Yorùbá tó bá gbọ́ èyí kò ní béèrè àlàyé: ohun ilé ọkọ ń padà sí ilé ọkọ, ohun ilé bàbá ń padà sí ilé bàbá.

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n owó ṣì ni ìdí ọ̀rọ̀. Bí ohun náà kò bá wọ́n, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀? Péálì fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ní 1917, Cartier, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́, gba ilé ńlá kan ní Fifth Avenue ní New York, ohun tó sì fi gbà á ni ẹ̀gbà ọrùn péálì onílà méjì tí wọ́n dá lé mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tí wọ́n ta ẹ̀gbà ọrùn náà ní gbàǹjo ní 1957, díẹ̀ ló fi lé ní 150,000 dọ́là. Mikimoto ará Japan ti kọ́ bí a ṣe ń mú kí ẹran omi so péálì bí ẹni gbin àgbàdo, iye péálì sì wó lulẹ̀. Bí owó bá ni ó ń fi iyì fún péálì ayaba, ó yẹ kí àwọn ayaba ti jù ú sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó 1947 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbà ọrùn péálì méjì ló wà lọ́rùn Elizabeth. Wọ́n sọ pé ọ̀kan jẹ́ ti Ọbabìnrin Anne tó kú ní 1714, èkejì jẹ́ ti ayaba Caroline tó kú ní 1737. Ọjà péálì ti wó nígbà náà. Orúkọ àwọn tó ti so ó kò wó.

Ìbéèrè kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iyùn tí ìyàwó Ìkòsì háyà, òun náà kò lè tà á, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Ṣé ti ọba wá nìyẹn? Rárá, ìdí rẹ̀ sì tọ́ ká sọ. Iyùn háyà ń padà sọ́dọ̀ owó. Ẹni tó ni í kò bìkítà ẹni tó wọ̀ ọ́ lánàá, ìyàwó kò sì jẹ iyùn náà ní ohunkóhun ju pé kí ó má já. Ohun ọ̀ṣọ́ oyè ní iṣẹ́ nínú: adelé tó so ìlẹ̀kẹ̀ ọba á dá ẹjọ́, á gbàlejò, á sì pa èèwọ̀ mọ́. Ti pé ayédèrú ti gba ọjà, tí àwọn kan fi ń sọ pé òfin ti kú, èmi rí i bí ẹ̀rí pé òfin ṣì wà láàyè. A kì í ṣe ayédèrú ohun tí kò níyì. Ìyàwó fi iyùn ṣe ayaba ọjọ́ kan torí pé gbogbo àwùjọ mọ ohun tí iyùn ń sọ. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, ìyàwó á wọ nǹkan mìíràn.

Ìbéèrè kẹta ni mi ò ní fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Àwọn kan á ní ọ̀ṣọ́ ọba, ohun tí a fi ìyà ẹlòmíràn rà ni, àti pé ọkùnrin ló ń fi ọrọ̀ rẹ̀ kọ́ obìnrin lọ́rùn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn Potogí tó ń gbé iyùn wá sí Ìbíní kò gba ata àti eyín erin nìkan lọ. Wọ́n gba ẹrú. Wọ́n gé dáyámọ́ǹdì Cullinan tí wọ́n wà jáde ní Gúúsù Áfíríkà ní 1905, méjì nínú àwọn ègé rẹ̀ sì wá di bróòṣì tí Mary fi sílẹ̀ fún Elizabeth. Kò sí ẹni tó bi àwọn tó wà á nínú ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìjogún gan-an ló jẹ́ kí a lè gbé ẹjọ́ náà dìde. Ohun tí gbogbo ìlú mọ orúkọ rẹ̀, tí a mọ ọwọ́ tó ti kọjá, a lè béèrè rẹ̀ padà, bí Ìbíní ti ṣe. Ohun tí a kàn tà lọ́jà kò ní ìtàn tí a lè fi pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ní ti obìnrin, Ìyá Kéré ti dáhùn tipẹ́: ọrùn lò ń wò, kọ́kọ́rọ́ àpótí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí èyí ń bi wa kò pin sí ààfin. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòsì ló ṣì ní iyùn ìyá àgbà nínú àpò kan nísàlẹ̀ àpótí, bí kò tilẹ̀ ju ìlà kan lọ. Okùn rẹ̀ ti gbó, kò dán tó ti ọjà, àwọn ọmọ sì ń rò ó pé àwọn á tà á tàbí kí àwọn pín in ní hóró kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti àgbà tó bá kù nínú ilé, kí ẹ bi í ẹni tó kọ́kọ́ rà á, ọjọ́ tí wọ́n so ó gbẹ̀yìn, àti ẹni tí wọ́n ní kí ó kàn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi ìwé náà sínú àpò kan náà. Okùn tuntun kò gbówó lórí; orúkọ tó bá bọ́ kò ṣeé rà lọ́jà kankan.